Ẹ gbà mí o, gáàsì ò jẹ́ kí ọmọ mi sùn látìgbà tó ti ń mu mílíìkì agolo

Òkun o ẹ̀yin ìyá, Kàbà ni mo wà. Ọmọ mi ò tíì pé oṣù kan, ọyàn mi ò tó la fi bẹ̀rẹ̀ mílíìkì agolo ti ọmọ ìkókó, àtìgbà yẹn inú ẹ̀ á kàn le, á ká orúnkún mọ́ àyà á máa ké, tó bá ti só báyìí ara ẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀. Tí mo bá mi fídà, fóòmù máa ń kún un, ṣé ìyẹn ló ń kó atẹ́gùn sí i nínú àbí ihò orí fídà náà ló tóbi jù? Mo ń gbé e léjìká, kì í tètè gùfẹ̀. Màmá ọkọ mi ní ká fún un ní àgbo, nọ́ọ̀sì ní rárá, kódà omi lásán, àfi tó bá pé oṣù 6. Nọ́ọ̀sì ni mo máa gbọ́ tiẹ̀, àmọ́ báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún màmá tí ò ní dùn wọ́n, wọ́n ń gbìyànjú lórí wa gan-an. Kí lẹ ṣe fún tiyín? Ẹ jọ̀ọ́, alẹ́ ló ń le jù.