Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 20W-50 tó ki ni kí n lò àbí 5W-30 tó ṣàn?
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Corolla 2005 ni mò ń gùn, ìwé tó bá mọ́tò náà wá ní 5W-30 ni ká máa lò, àmọ́ mẹkáníìkì mi ní rárá, 20W-50 ló le dáadáa fún oòrùn ilẹ̀ wa, bó ṣe da ìyẹn sí i nìyẹn o. Látìgbà yẹn, tí mo bá ti sítáàtì ẹ̀ láàárọ̀, màá máa gbọ́ kọ̀ kọ̀ kọ̀ lókè ẹ́ńjìnnì fúngbà díẹ̀ kó tó dákẹ́. Mo fa géèjì tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, mo nù ún, mo tún kì í bọ̀ ọ́, ọ́ìlì ò lọ sílẹ̀ rárá, mo fi ìka pa á wò, kò sí irin wẹ́wẹ́ kankan nínú ẹ̀. Èmi rò pé ó ki jù ni, pọ́ǹpù ò tètè gbé e dókè, irin á wá máa gbo irin kó tó débẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, mọ́tò yìí ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, mi ò sì lówó ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀. Ṣé kí n padà sí 5W-30 ni, àbí ẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́ ò gba ọ́ìlì tó ṣàn mọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí?