Abẹ́rẹ́ ń fò lórí àwo bàbá mi, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, ẹ̀gbẹ́ Tákìé níbí. Bàbá mi tó dolóògbé fi àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kan sílẹ̀, Live! ti Bob Marley, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo ní Lyceum, London, lóṣù keje 1975. Mo mọ̀ pé ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má wulẹ̀ sọ ìyẹn. Èyí tí bàbá fi bírò kọ orúkọ wọn sí lẹ́yìn ni mo fẹ́ gbọ́.

"No Woman, No Cry" ló ṣáájú lójú kejì. Ó lé ní ìṣẹ́jú 7; ti inú Natty Dread, àwo Marley mìíràn, ò tó 4. Dùrù á bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, èrò á gbè é, ara mi á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yá, ni abẹ́rẹ́ á bá fò padà sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lálẹ́ àná!

Mo ti fi òwú nu àwo náà, pàbó. Atúnrédíò kan wá gbé owó ẹyọ lé apá giramafóònù lórí. Fífò dín kù lóòótọ́, àmọ́ ó ti ń ha báyìí. Ṣé kì í ṣe pé ó ti bà á jẹ́ fún mi?

Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta abẹ́rẹ́ tuntun, ìbáà ṣe ní Ọ̀yọ́, lọ́wọ́ Akẹ̀sán? Ṣé wáyà lásán tó láti gbé orin náà wọ kọ̀ǹpútà? Màmá mi ń pé 70 lóṣù tó ń bọ̀, àwọn ni mo fẹ́ lù ú fún.