Mo fẹ́ máa bá àwọn aláìní gbẹjọ́ rò lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Agbẹjọ́rò ni mí ní Abẹ́òkúta, mo sì fẹ́ máa ya ọjọ́ Jímọ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tí kò lágbára owó agbẹjọ́rò. Obìnrin aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú ló ta mí jí: onílé ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa láìfún un níwèé ìkìlọ̀ kankan. Nígbà tó tú àwọn rìsíìtì rẹ̀ jáde láti inú ọ̀rá dúdú, aró ti kó bá gbogbo wọn.

Mo mọ̀ pé òfin ìrànwọ́ agbẹjọ́rò ti ọdún 2011 fi owó oṣù tó kéré jù lọ ṣe òṣùwọ̀n ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìrànwọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ń wọn èrè ọjà tó ń lọ sókè sódò? Bí mi ò bá tilẹ̀ gba kọ́bọ̀, owó ìforúkọsílẹ̀ ẹjọ́ àti ti bélífù (òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń mú ìwé ẹjọ́ lọ fún ẹni tí a pè lẹ́jọ́) ṣì wà nílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, ṣé oníbàárà ló ń san ìyẹn, àbí ẹ̀yin lẹ máa ń yọ ọ́ lápò?