Ìkòkò mímọ àti ikọ́: báwo lẹ ṣe ń wá ẹ̀rí lórí PubMed?

Olùtọ́jú Òkèlélé:
Àsàláámù àlékùm o. Àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Dada nílùú Ilorin ń gbé ikọ́ tí kì í lọ bọ̀rọ̀ wá sí ibùdó ìlera, àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ kò sì fi nǹkan hàn. Ṣé eruku amọ̀ gbígbẹ tí wọ́n ń gún tí wọ́n ń jọ̀ ló fà á ni, àbí èéfín ìkòkò sísun? Mo tẹ work àti lung disease sórí PubMed, ìkànnì tí a ti ń wá àpilẹ̀kọ ìṣègùn, ohun tó kó wá kọjá kíkà.

Alákòóso Ìwé:
Wàálékùm sàláàm. Work yẹn gan-an ló dà á rú. Ẹni tó ń kọ̀wé nípa eku inú àgò pàápàá á kọ "in this work". Ẹ wọ Advanced, kí ẹ pín ohun tí ẹ ń wá sí ìlà mẹ́ta.

Àìsàn ni #1: ẹ mú MeSH Terms (àmì kókó ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi sára àpilẹ̀kọ), ẹ tẹ Pneumoconiosis (àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí eruku ń fà), kí ẹ fi OR so Pulmonary Disease, Chronic Obstructive (èyí tó ń dí ọ̀nà èémí) mọ́ ọn. Abẹ́ Pneumoconiosis ni Silicosis, tí eruku silica inú amọ̀ àti yanrìn ń fà, wà, á bá a wọlé. Ẹ má tíì tẹ Search o. Ọfà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ mú Add to History. Iṣẹ́ ni #2: Occupational Diseases OR Occupational Exposure, MeSH Terms náà ni. Fún #3, ẹ mú Title/Abstract (àkọlé àti ìsọníṣókí àpilẹ̀kọ), ẹ tẹ pottery OR potters OR ceramic*; ìràwọ̀ yẹn ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá. Ẹ wá kọ #1 AND #2 AND #3. Lẹ́tà ńlá ni AND àti OR.

Ẹ má tẹ potter* o, àìsàn kíndìnrín ọmọ tuntun kan ń jẹ́ Potter, á ya wọlé. Ceramic* náà, tó bá dá wà, eyín àtọwọ́dá ni yóò kó dé. #2 ló ń lé wọn.

Ọmọ Ajíkòbí:
Ó ku ibì kan. Àpilẹ̀kọ tí kò sí nínú MEDLINE, apá tó tóbi jù nínú PubMed, kì í ní àmì MeSH, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí ìṣègùn ilẹ̀ wa kò sí níbẹ̀. Ẹ fi OR so occupational àti workers ti Title/Abstract mọ́ #2, kí ẹ so silicosis, "respiratory symptoms" àti "lung function" mọ́ #1. Ohun tó bá wà láàárín àmì ọ̀rọ̀, bí ẹ ṣe kọ ọ́ ló ṣe ń wá a: "pottery worker" kò ní mú workers wá àfi tí ẹ bá fi ìràwọ̀ sí ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sórí African Journals OnLine. Ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta ti tó níbẹ̀.

Ẹ má fi Ilorin há a. Ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ Stoke-on-Trent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Ṣáínà ni púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa eruku ìkòkò ti wá. Ṣùgbọ́n inú ààrò ni wọ́n ti ń sun tiwọn, gbangba sì ni ti Dada. Nítorí náà, ẹ wá èéfín igi lọ́tọ̀: biomass AND smoke.

Dókítà Eruku:
Tí ẹ bá rí àwọn ìwádìí náà, ẹ wò ó bóyá wọ́n ka ààrò ilé ìdáná sí kí ẹ tó gbà wọ́n gbọ́. Igi làwọn ìyá yìí fi ń se oúnjẹ. Ìwádìí tí kò bá ya èéfín ọbẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èéfín ìkòkò kò dáhùn ohun tí ẹ ń béèrè. Èyí tó bá fi àwọn amọ̀kòkò wé àwọn ìyá ọlọ́jà agboolé kan náà, tí wọ́n ń dá irú iná kan náà, ló ṣeé gbára lé.

Èkejì, ẹni tí àyà ń dùn ti fiṣẹ́ sílẹ̀, alágbára ni olùwádìí bá nídìí amọ̀. Ìwádìí ọjọ́ kan ṣoṣo máa ń tipa bẹ́ẹ̀ fojú kéré ewu. Silicosis sì sábà máa ń gbà ju ọdún 10 lọ kó tó yọjú. Ìwádìí lára ọmọ iṣẹ́ ọdún méjì kò dá eruku láre. Ẹ wò ó bóyá wọ́n wọn silica inú afẹ́fẹ́: ààlà tí NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, dábàá ni 0.05 mg nínú mítà onígun mẹ́ta kan. Silica sì ń ṣílẹ̀kùn fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, nítorí náà ẹ tún àyẹ̀wò yẹn ṣe bí ikọ́ kò bá lọ.

Olùtọ́jú Òkèlélé:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè owó. Ṣé kí n tẹ Free full text?

Alákòóso Ìwé:
Kì í ṣe níbẹ̀rẹ̀. Á yọ gbogbo èyí tí kò sí lọ́fẹ̀ẹ́ dànù, àwọn náà lẹ sì nílò. Ẹ ka abstract, ẹ ṣà wọ́n, kí ẹ tó bi ilé ìkàwé yín bóyá wọ́n ní Hinari, ètò àjọ WHO tó ń jẹ́ kí ilé iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tí kò lówó rí ìwé ìwádìí kà. Kí ẹ sì fi àwọn ìlà #1 sí #3 yẹn pamọ́ sínú My NCBI, àkáǹtì tiyín lórí PubMed, lónìí. Tí ẹ bá fi History sílẹ̀ fún wákàtí 8, ó ti pòórá.