Gíláàsì gé iṣan ọwọ́ mi. Ẹ wá sọ tiyín náà

Ìyá Aránṣọ, Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Gíláàsì fèrèsé ló já lé mi lápá ọ̀tún ní ṣọ́ọ̀bù, láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ, awọ nìkan ni wọ́n rán. Egbò jiná, ṣùgbọ́n ọmọńdinrín àti ìka tó tẹ̀ lé e ò mọ nǹkan kan mọ́. Lọ́jọ́ kan tí mò ń lọ aṣọ, òórùn ẹran tó ń jó ni mo gbọ́ kí n tó rí i pé ọmọńdinrín mi ló wà lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Mo sunkún gidi gan-an.

Oṣù 4 kọjá kí n tó rí dókítà tó mọ̀ nípa iṣan. Kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ o, èyí tó ń gbé àṣẹ lọ sọ́wọ́ tó sì ń gbé ìmọ̀lára bọ̀ ni. Ó ní ẹnu rẹ̀ méjèèjì ti sún kì, wọ́n ti jìnnà síra. Mo ní ṣebí kí wọ́n fà á kó pàdé ni? Ó ní bí a bá fà á le, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè wọ inú rẹ̀, á kú. Ẹ̀yìn ìgúnpá ni iṣan yìí ń gbà, ibẹ̀ náà ló máa ń ta wá bí iná tí a bá fi gbá ògiri. Ó yí i gba iwájú, ọ̀nà wá kúrú, ẹnu méjèèjì sì pàdé wẹ́rẹ́.

Lẹ́yìn rẹ̀ ó ku sùúrù. Iṣan a máa hù tó mílímítà 1 lójúmọ́. Dókítà á fi ìka kàn mí lápá láti ìsàlẹ̀ lọ sókè; ibi tó bá ti ta mí jìnnìjìnnì, ibẹ̀ ni iṣan dé. Mo ń fi báírò fàlà síbẹ̀ lóṣooṣù. Ìlà báírò yẹn ni mo ń wò sùn.

Bọ̀dá Bódìjà:
Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Èmi, ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú ní Ìwó Road. Egungun apá dá, ọwọ́ mi rọ̀ wálẹ̀ láti ọrùn ọwọ́, mi ò lè gbé e. Àlàfo tèmi pọ̀, iṣan kan lẹ́yìn ojúgun mi ni wọ́n gé fi dí i. Ọwọ́ ti ń gbéra, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ yẹn kú títí dòní. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn nígbà tí dókítà sọ pé àwọn olùwádìí ń gbìyànjú láti máa na iṣan tó já fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń na egungun nìyẹn, láti ìgbà Ilizarov, dókítà egungun kan ní Rọ́ṣíà: mílímítà 1 lójúmọ́, iṣan á sì máa bá a lọ.

Àdùkẹ́:
Ẹ̀yin àgbà, ọ̀bẹ gé àbúrò mi lọ́wọ́, ó ti pé oṣù 2, àtàǹpàkò rẹ̀ kú. Ṣé kí a ṣì máa fi òrí pa á?

Ìyá Aránṣọ, Mọ́kọ́lá:
Àdùkẹ́ ọmọ mi, ẹ gbé e lọ lọ́sẹ̀ yìí. Bí iṣan ò bá dé ọ̀dọ̀ ẹran ọwọ́ láàárín bí ọdún 1 sí ọdún 1 àbọ̀, ẹran náà á rọ, kò ní jí mọ́. Ẹ ní kí wọ́n wo iṣan, kì í ṣe egbò.