Laptop fífúyẹ́ tí màá fi lo Linux: èwo ni kí n rà n'Íbàdàn?

Ìyá Ìbejì Àpáta:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ àti ìtumọ̀ èdè ni mò ń ṣe. Àpáta ni mò ń gbé, Agbowó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, Micra méjì ni mò ń wọ̀ kí n tó débẹ̀. Orí itan ni laptop mi máa ń wà nínú mọ́tò. Oní-íǹṣì 15.6 ni, okùn báàgì rẹ̀ ti fa ilà sí mi léjìká. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ, kì í lò tó ogójì ìṣẹ́jú.

Àbúrò mi ló gbé Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà dípò Windows, sí i lọ́dún tó kọjá, mi ò sì fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́. Mo bá bọ́tìnnì Yorùbá níbẹ̀, mi ò wá a lọ síbì kankan. Ní báyìí mo fẹ́ ra òmíràn tó fúyẹ́, tó ṣófo. Mi ò fẹ́ sanwó Windows tí màá pa rẹ́ lọ́jọ́ tí mo bá gbé e délé, mi ò sì fẹ́ gbogbo ìkókúkòó tí wọ́n máa ń dì sínú rẹ̀, tí á máa jẹ dátà ẹni. ₦300,000 ló wà lọ́wọ́ mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sáńgò:
Ẹ káalẹ́, mà. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ FreeDOS sára páálí rẹ̀. Tuntun ni, kò sí Windows nínú rẹ̀. Ẹ tètè kìlọ̀ fún ọlọ́jà o, torí ọ̀pọ̀ wọn á ti gbé Windows ayédèrú sí i kí ẹ tó yọwó. Ṣùgbọ́n mò ń bẹ̀rù pé owó yín lè má ká a.

Alátùúnṣe Mọ́kọ́lá:
Ìyá Ìbejì, ọdún kọkànlá mi rèé nídìí iṣẹ́ yìí. Tòkunbọ̀ ni kí ẹ rà, irú èyí tí àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun ti lò: ThinkPad X270, Latitude 7280 tàbí EliteBook 820. Oní-íǹṣì 12.5 ni gbogbo wọn, wọn ò ju kìló kan àti díẹ̀ lọ.

X270 ni mo fọwọ́ sí jù fún yín. Bátìrì méjì ló ní, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí tẹ̀yìn bá tán, ẹ yọ ọ́, ẹ ti òmíràn bọ̀ ọ́, kọ̀ǹpútà ò ní kú, ti inú á gbé e dúró. Àwọn tó ń lo Windows ń sá fún un, nítorí Microsoft ti pa Windows 10 tì láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 ò sì gba ọpọlọ kọ̀ǹpútà (processor) Intel ìran kẹfà àti ìkeje tó wà nínú rẹ̀. Linux ò ní ìṣòro kankan pẹ̀lú wọn.

Àmọ́ ẹ má sanwó kí ẹ tó ti flash yín tí Mint wà nínú rẹ̀ bọ̀ ọ́. Mo ra ọ̀kan ní 2021, Windows rẹ̀ ń tàn yanran ní ṣọ́ọ̀bù. Mo délé, mo tẹ F1 kí n lè ṣí ọ̀nà fún flash, ni àwòrán àgádágodo kékeré kan bá yọ, ó ní kí n tẹ password. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ló tì í pa. Ọlọ́jà ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, owó mi sì wọmi. Ó ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, ẹ tẹ F1 níṣojú ọlọ́jà. Lẹ́yìn náà F12, kí ẹ fi flash tan Mint láìgbé e sí i. Ẹ so Wi-Fi rẹ̀ mọ́ fóònù yín. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ pa á dé, ẹ ṣí i, ẹ wò ó bóyá á jí. Ẹ wá ṣí terminal, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ `upower -d`. Ẹ fi energy-full (agbára tí bátìrì lè gbà báyìí) wé energy-full-design (èyí tó yẹ kó gbà nígbà tó wà ní tuntun): bí ti àkọ́kọ́ ò bá tó ìdajì èkejì, bátìrì ti gbó nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Àpáta:
Ẹ ṣé gan-an. Ṣé ọlọ́jà á gbà bẹ́ẹ̀?

Alátùúnṣe Mọ́kọ́lá:
Ẹni tí kò bá gbà, ẹ kí i pé ó dàárọ̀, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ìyá Ìbejì Àpáta:
Mo ti rà á o! Queen Cinema ni mo lọ. Ẹni àkọ́kọ́ ní flash mi á kó kòkòrò wọ kọ̀ǹpútà òun. Ọmọkùnrin kejì fà á lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Mọ́mì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.” Kò sí àgádágodo. Bátìrì ẹ̀yìn ṣì ń gba 37 nínú 48, ti inú 19 nínú 23. Wọn ò tíì mú iná wá ní Agbowó láti àárọ̀. Aago méjì ti kọjá, mo ti tẹ ojú ìwé mẹ́tàlá, ti inú ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.