Èsì lórí «trajectoire»: ipa-ìrìn ni mo fara mọ́, àyànmọ́ kọ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,

Mo kí yín láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Mo ti ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Kétu kọ. Wọ́n ní trajectoire, ọ̀rọ̀ Faransé tí àwọn onímọ̀ ń lò nígbà tí wọ́n bá ń wo bí ènìyàn ṣe ń dàgbà, bí ìwà rẹ̀ ṣe ń yí padà àti ibi tí àwùjọ ń lọ, kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun kankan ní Yorùbá, nítorí pé àyànmọ́ ti wà nílẹ̀, àwọn Mùsùlùmí àárín wa sì ní kádàrá. Ẹnì kan láti Ṣábẹ̀ẹ́ fèsì pé kí a pè é ní ipa-ọ̀nà, ẹlòmíràn sì dábàá ìpele. N kò lè fọwọ́ sí èyíkéyìí nínú wọn, ipa-ìrìn ni mo gbé wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú àyànmọ́, nítorí òun ló wúwo jù. Bí Yorùbá bá ní àyànmọ́ ò gbóògùn, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé a ti yan nǹkan náà mọ́ ènìyàn kí ó tó dé ayé, kò sì sí ohun tí ọwọ́ ẹ̀dá lè ṣe sí i. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń wo ẹnì kan náà léraléra, nígbà èwe, nígbà ọ̀dọ́ àti nígbà àgbà, wọn a sì so ohun tí wọ́n rí pọ̀ títí wọn yóò fi mọ apá ibi tí ó ń tẹ̀ sí. Ní erékùṣù Kauai ní Hawaii, Emmy Werner, onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé àwọn ọmọ 698 tí wọ́n bí ní 1955. Àwọn kan nínú wọn bọ́ sínú ìṣẹ́, àìsàn òbí àti ìjà inú ilé, débi pé ẹni tó bá fi ojú àyànmọ́ wò wọ́n yóò ti parí ọ̀rọ̀ wọn kí wọ́n tó já lẹ́nu ọmú. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn wọ̀nyí dàgbà di ẹni tí ayé rẹ̀ gún, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sì kó sí wàhálà nígbà ọ̀dọ́ ni wọ́n padà ṣe dáadáa nígbà tí wọ́n dàgbà. Kí ni a ó wá kọ fún wọn? Pé wọ́n pààrọ̀ àyànmọ́?

Ẹ̀gbọ́n lè dá mi lóhùn pé Ifá fúnra rẹ̀ kò fi gbogbo rẹ̀ lé orí lọ́wọ́, pé orí tí kò ní ẹsẹ̀ kò lè dé ibi tí ó ń lọ. Òótọ́ ni, ẹsẹ̀ yẹn gan-an ni mo sì ń wá. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni ìrìn. A ti ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe apá ti orí láti ọjọ́ pípẹ́. Ó yẹ kí a ní èyí tí a ó fi pe apá ti ẹsẹ̀, kí a má baà di gbogbo ẹrù ru orí nìkan.

Ipa-ọ̀nà sàn ju àyànmọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti wà kí arìnrìn-àjò tó débẹ̀, ẹlòmíràn ló sì là á. Ọ̀nà Ìgólò wà níbẹ̀, ìbáà jẹ́ mo rìn ín tàbí n kò rìn ín. Ipa ní tirẹ̀ kì í sí àfi bí nǹkan bá ti kọjá. N kò sì dá ipa nìkan lò nítorí pé iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́rùn rẹ̀: à ń kó ipa, nǹkan ń ní ipa lórí nǹkan, bí a kò bá sì fi àmì ohùn sí i, ẹlòmíràn yóò kà á sí ipá. Ìrìn tí a so mọ́ ọn ni yóò jẹ́ kí òǹkàwé mọ èyí tí à ń sọ. Ní ti ìpele, kò yẹ kí ó dá wa dúró: òkè ni ìpele ń gùn, àtẹ̀gùn kan náà ni gbogbo ènìyàn sì ń gbà.

Ọ̀rọ̀ Faransé náà ní àléébù tirẹ̀ tí kò yẹ kí a jogún. Nínú físíìsì, ohun tí a jù ni a sábà máa ń fi ṣàpẹẹrẹ rẹ̀. Bí òkò bá ti kúrò lọ́wọ́, ẹni tó mọ ìṣirò lè sọ ibi tí yóò balẹ̀ sí. Ènìyàn kì í ṣe òkò. Glen Elder, onímọ̀ nípa àwùjọ, fi àwọn ọmọ Oakland ní California tí wọ́n bí ní 1920 àti 1921 wé àwọn ọmọ Berkeley tó wà nítòsí rẹ̀ tí wọ́n bí ní 1928 àti 1929. Nígbà tí ọrọ̀-ajé Amẹ́ríkà ṣubú, àwọn ti Oakland ti tó ẹni tó lè ran ilé lọ́wọ́, àwọn ti Berkeley ṣì kéré, àwọn ọmọkùnrin àárín wọn ni ó sì pa lára jù. Ìṣòro kan náà ni. Ọjọ́ orí tí ó bá wọn ló yàtọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ni ti ìwà ọ̀daràn, nítorí pé àwọn onímọ̀ fúnra wọn kò tíì fẹnu kò. Ní 1993, Terrie Moffitt, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìwádìí Dunedin ní New Zealand, níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀lé àwọn ọmọ 1,037, sọ pé irú ènìyàn méjì ló wà: àwọn tí ìwà jàgídíjàgan wọn bẹ̀rẹ̀ láti kékeré tí kò sì dáwọ́ dúró, àti àwọn tó pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì, tí wọ́n ń ṣe é nígbà ọ̀dọ́ nìkan tí wọ́n sì ń jáwọ́. Robert Sampson àti John Laub, àwọn onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn, ní tiwọn, padà sí àkọsílẹ̀ àtijọ́ lórí àwọn ọmọkùnrin Boston 500 tí wọ́n ti kó sí ilé àtúnṣe ìwà. Nígbà tí wọ́n tẹ̀lé wọn dé ọmọ 70 ọdún, wọ́n rí i pé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn ló jáwọ́ bó pẹ́ bó yá, àti pé ìgbéyàwó, iṣẹ́ tó dúró àti iṣẹ́ ológun wà lára ohun tó yà wọ́n kúrò níbi tí wọ́n ń lọ. Ti Sampson àti Laub ni mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ má wo tèmi. Bí a bá fi àyànmọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, a ti dá Moffitt láre, a tilẹ̀ ti sọ ju ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ lọ, kí àwọn yòókù tó lanu. Iṣẹ́ atúmọ̀ èdè kọ́ nìyẹn.

Ibi tí ipa-ìrìn ti yí padà, ìyànà ni mo fẹ́ kí a máa pè é. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ ìkóríta. Ènìyàn lè dúró ní ìkóríta kí ó máa ronú títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nínú ìyànà, a ń gbọ́ pé ó ti yà.

Ọ̀rọ̀ náà gba ìlú pẹ̀lú. Àpérò gbogbogbòò tí a ṣe ní Kútọnú ní oṣù kejì 1990 jẹ́ ìyànà nínú ipa-ìrìn Benin, orílẹ̀-èdè wa: Ààrẹ Kérékou gbé ìjọba sílẹ̀ fún Soglo lẹ́yìn ìbò 1991, ìbò ló sì tún gbé e padà wọlé ní 1996. Kí ẹ̀gbọ́n sì jọ̀wọ́ gbà mí láyè lórí ilé wọn. Ọmọ ogun Dahomey pa Kétu run ní 1886, wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Abọmẹ, olú-ìlú Dahomey, àwọn tó ṣẹ́ kù padà wá tún un tẹ̀ dó. Èwo ni àyànmọ́ Kétu nínú méjèèjì?

Mo ti dán an wò nínú gbólóhùn kan fún ìwé mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà: «Ipa-ìrìn àwọn ọmọ tí ó ń ta epo kpayo (epo bẹntiróò fàyàwọ́) ní ẹ̀bá ọ̀nà kò rí bákan náà, ìyànà àwọn kan ni ìgbà tí wọ́n rí ọ̀gá tí ó gbà wọ́n sẹ́nu iṣẹ́.» Àwọn tó gbọ́ ọ kò béèrè ìtumọ̀.

Èyí tó kù ni transition, àyípadà kékeré tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ipa-ìrìn, bí ìgbà tí ọmọ bá wọ ilé-ìwé tàbí tí ó bá kúrò nílé òbí rẹ̀. Ìrékọjá ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n àwọn Kristẹni ti fi í pe àjọ̀dún. Ìgbésẹ̀ ni mo ń lò báyìí, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn tán, nítorí pé ẹni tó gbé ìgbésẹ̀ ló pinnu láti gbé e, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí wọ́n mú lọ sí ilé-ìwé kò pinnu ohunkóhun. Ẹni tí ó bá ní èyí tó sàn jù, kí ó fi í sínú odindi gbólóhùn kí ó tó fi ránṣẹ́.